Afinimọ̀nà Tí Kì í Gbójú Sókè

Ọdún mẹ́rin gbáko ni Gáddjá ti ń kó àlejò lọ wo iná sánmọ̀, ìmọ́lẹ̀ aláràbarà tó máa ń jó lójú ọ̀run lóru ìgbà òtútù, lórí adágún Guhkesjávri tó ti dì, òun fúnra rẹ̀ kò sì tíì wò ó lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe pé iná náà ń sá fún un. Òun ló ń sá. Bí iná bá ti yọ, tí àwọn àlejò ń pariwo, tí wọ́n ń na fóònù sókè, Gáddjá á ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ààrò, á máa to igi. Bó bá to igi tán, á lọ yẹ okùn tó so ọmọlanke mọ́ alùpùpù yìnyín rẹ̀ wò, ọmọlanke onígi tí kò ní táyà, tí alùpùpù ń wọ́ nílẹ̀. Bí okùn bá le dáadáa, á da kọfí. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á ní obìnrin yìí mà ń ṣiṣẹ́ o. Iṣẹ́ kọ́, ẹ̀rù ni.

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni. Kó tó di afinimọ̀nà, òun ló ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé abúlé wa. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi se ọbẹ̀ ẹja níbẹ̀, títí àwọn ọmọ fi tán lábúlé tí wọ́n sì ti ilé-ìwé náà pa. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ilpo, tó ní alùpùpù yìnyín mẹ́jọ àti ẹnu dídùn, ló wá bá a nílé. Ó ní, "Gáddjá, kò sí igi kan létí adágún yìí tí o ò mọ̀. Wá bá mi máa kó àlejò." Ó gbà. Bí kò bá gbà, ìlú ńlá gúúsù ló kù tó lè lọ, ta ló sì máa dúró ti ìyá rẹ̀?

Ẹ̀rù tí mo ń sọ yìí ti pẹ́. Lọ́dọ̀ àwa Sámi, ará àríwá jíjìn tó ń sin àgbọ̀nrín bí ẹran ilé, a kì í fi iná sánmọ̀ ṣeré. Bó bá yọ, àgbà á dákẹ́, obìnrin á fi nǹkan borí, wọ́n á sì bọ́ agogo kúrò lọ́rùn àgbọ̀nrín kó má baà dún. Wọ́n máa ń kìlọ̀ fún ọmọdé pé kò gbọdọ̀ súfèé sí i, kò gbọdọ̀ fi aṣọ funfun pè é, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iná náà á sọ̀kalẹ̀ wá mú èèyàn lọ. Nígbà tí Gáddjá wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, ó yọ́ mú ìborùn funfun ìyá rẹ̀, ó jáde sẹ́yìn ilé, ó fi pe iná. Ó kàn fẹ́ rí i bóyá òótọ́ ni. Iná náà gbọ̀n rìrì, ó sì sún mọ́ ilẹ̀, tàbí bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí lójú rẹ̀, ló bá sá wọlé.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Ándaras, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, gba ẹnu odò lọ da àgbọ̀nrín wálé, omi dídì sì ya lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọn kò rí òkú rẹ̀ títí yìnyín fi yọ́. Gbogbo abúlé sunkún, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ló gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ló pa á. Aádọ́ta ọdún ló fi gbé e mọ́ra, kò sọ fún ọkọ tó fẹ́, kò sọ fún àlùfáà, kò sọ fún ìyá tó bí i.

Ìyá yìí ń jẹ́ Máret, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ahọ́n rẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ lọ. Nígbà tí òtútù ọdún tó kọjá ń bẹ̀rẹ̀, dókítà ojú sọ fún un pé ojú rẹ̀ ti ń kú láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Ìgbà yẹn ló ti jẹ́ pé bí ẹni ń yọjú wo nǹkan láti inú ihò kọ́kọ́rọ́ ló ṣe ń ríran. Dókítà ní kí yìnyín tó yọ́, ihò náà á ti dí. Kò sí oògùn tó lè dá a padà mọ́.

Nínú mọ́tò, bí wọ́n ṣe ń darí bọ̀ wálé, ìyá àti ọmọ kọjá afárá. Ìyá wá ní, "Gáddjá, mú mi lọ wo iná sánmọ̀."

"Ẹ wò ó lójú fèrèsé, màámi."

"Fèrèsé wo? Fèrèsé tí ìjọba gbé iná òpópónà sí níwájú? Orí adágún ni mo fẹ́, níbi tí kò sí iná kankan. Mo fẹ́ rí i lẹ́ẹ̀kan sí i kí ilẹ̀kùn tó tì. Ìwọ ni o sì máa mú mi lọ."

"Òtútù ibẹ̀ kò dáa fún egungun ìdí yín."

"Egungun ìdí mi ò bẹ̀ ọ́ níṣẹ́."

Gáddjá ń wá àwáwí lójoojúmọ́. Lónìí, alùpùpù ń gbọn èèyàn jù. Lọ́la, ojú ọ̀run ti ṣú. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àlejò ti pọ̀ jù. Nígbà tó yá, ìyá kò béèrè mọ́, Gáddjá sì mí kanlẹ̀, ó rò pé ọ̀rọ̀ náà ti tán. Ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni o, síbẹ̀ kò mọ ìyá rẹ̀ rárá.

Ní Ọjọ́rú kan nínú oṣù kìíní ọdún, nígbà tí oòrùn kò tíì yọjú sí wa láti nǹkan bí oṣù kan àti ààbọ̀, Gáddjá dé ọgbà Ilpo ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ilpo ń fi aṣọ nu alùpùpù kan tí kò dọ̀tí. Kò wo ojú rẹ̀.

"Àlejò mẹ́ta lo ní," ló wí. "Tọkọtaya kan láti Pọtugí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó ni. Àti... ẹnì kan."

"Ẹnì kan ta ni?"

"Wọ́n wà ní yàrá ìmúra."

Gáddjá ṣí ilẹ̀kùn. Ìyá rẹ̀ ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì, nínú aṣọ òtútù pupa ilé-iṣẹ́, tí wọ́n ká apá aṣọ náà lẹ́ẹ̀mẹta, akoto lórí itan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ìyàwó tuntun kan jókòó, orúkọ rẹ̀ ni Inês, ó ń bá ìyá di bàtà.

"Màámi! Kí lẹ ń ṣe níbí?"

"Ẹ káàbọ̀ o, afinimọ̀nà wa," ni ìyá dáhùn. "Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa kó wa lọ. Wọ́n ní ẹ mọ iṣẹ́ yín."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ta ló gbé yín wá?"

"Táàsì. Obìnrin tó ń tọ́jú ìwé ní ilé ìkàwé ló bá mi gba ààyè lórí kọ̀ǹpútà. Ìwé ẹ̀ rèé. Orúkọ mi ló wà lórí ẹ̀, kì í ṣe tìẹ."

Gáddjá yíjú sí Ilpo tó ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Ilpo, ìwọ náà!"

"Èmi kọ́ o! Mo rí orúkọ wọn, mo pè wọ́n lórí fóònù. Mo ní, ‘Màmá, òtútù máa wà o.’ Wọ́n ní ṣé èmi ni mo fẹ́ fi òtútù han àwọn."

Kí ni Gáddjá fẹ́ ṣe? Oníbàárà ni ìyá, ó ti sanwó, ó sì ti wọṣọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé òfin ìrìn-àjò náà fún wọn, lédè Gẹ̀ẹ́sì fún tọkọtaya, lédè wa fún ìyá. Ó ní bí òun bá na ọwọ́ sókè kí wọ́n dúró, kí ẹnikẹ́ni má kúrò lójú ọ̀nà tí òun bá là. Ó ní kí wọ́n di okùn akoto wọn.

"Ṣé ẹ gbọ́, màámi?"

"Mo ti ń gun nǹkan yìí kí wọ́n tó bí ẹ," ni ìyá wí. "Èmi ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gùn ún lábúlé yìí. Bàbá rẹ jókòó sẹ́yìn mi, ó ń ké pe Jésù."

Ọkọ ìyàwó, Duarte, béèrè pé kí ni ìyá sọ. Nígbà tí Gáddjá túmọ̀ rẹ̀, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín débi pé ẹ̀rù alùpùpù tó ti ń ba Inês láti àárọ̀ lọ kúrò lára rẹ̀.

Wọ́n gbéra. Gáddjá ló ṣíwájú, ìyá wà nínú ọmọlanke lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n fi awọ àgbọ̀nrín méjì wé e, tọkọtaya sì ń tẹ̀ lé wọn lórí alùpùpù kan. Yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ láàárọ̀, ó rọ̀, ó sì dákẹ́. Gáddjá ń rọra lọ nítorí egungun ìdí ìyá. Kò pẹ́ tí igi kan fi ń gbá a lẹ́yìn. Ọ̀pá ìyá ni.

"Afinimọ̀nà! Ṣé ìsìnkú là ń lọ ni?"

Ó fi kún eré díẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí odò ti ń wọ adágún, Gáddjá yà sínú igbó, ó gba àárín àwọn igi, ó sì yọ jáde lápá kejì. Ìdajì wákàtí ni àyíká yẹn máa ń gbà á. Àwọn afinimọ̀nà yòókù máa ń gba ẹ̀bá odò kọjá níbi tí omi dídì ti nípọn, tí wọ́n ti ri òpó àmì mọ́lẹ̀, kò sì sí ohun tó ń ṣe wọ́n. Ilpo ti bá a sọ ọ́ títí ó fi sú u. Lọ́jọ́ náà ìyá kò fi ọ̀pá gbá a.

Wọ́n dé orí ilẹ̀ tó wọnú adágún, níbi tí Ilpo kọ́ àtíbàbà onígi sí. Gáddjá dá iná, ó gbé kọfí kaná, ó pín ẹran àgbọ̀nrín gbígbẹ. Nígbà tó gé wàràkàṣì sínú ife kọfí ìyá rẹ̀, bí àwa ti máa ń mu ún, Duarte ní kí wọ́n fi sínú tòun náà. Ó mu ún, ojú rẹ̀ yí, ó ní ó dùn. Irọ́ ọmọlúàbí ni. Àwọsánmà bo gbogbo ojú ọ̀run nígbà náà, Gáddjá sì ti ń dúpẹ́ nínú ara rẹ̀. Bí ojú ọ̀run bá lè dí báyìí títí wọ́n á fi lọ, ìyá á gbà pé òun ti gbìyànjú.

Duarte fẹ́ bá ìyá sọ̀rọ̀. Ó ní kí Gáddjá bi í pé àgbọ̀nrín mélòó ni ilé wọn ní. Gáddjá rọ́jú túmọ̀ rẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀wà nìkan ló ń bi ará ibí ní irú ìbéèrè yẹn.

"Bi í pé èló ló wà ní báǹkì rẹ̀," ni ìyá wí, ó ń jẹ ẹran rẹ̀ lọ.

Nígbà tí Gáddjá túmọ̀ ìyẹn, ojú Duarte pọ́n. Lẹ́yìn náà ni ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó fi ìgunpá gún un, òun náà sì rẹ́rìn-ín.

Inú ẹ̀rín yìí ni wọ́n wà tí Inês fi fò dìde. Àwọsánmà ti ya láàárín. Ó kígbe, ó fa ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, àwọn méjèèjì sì sáré bọ́ sórí adágún. Gáddjá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí iná. Ó rí i tí yìnyín níwájú rẹ̀ ń di aláwọ̀ ewé, ó rí i tí ọwọ́ ara rẹ̀ náà ń di aláwọ̀ ewé, ó mú igi kan, ó tì í bọ iná.

"Gáddjá, ṣé ó ti yọ?"

"Ó ti yọ, màámi."

"Níbo ló wà?"

Ìyá ti dìde dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọlanke, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú. Ó gbé orí sókè, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ihò kọ́kọ́rọ́ yẹn kéré jù, ọ̀run sì gbòòrò jù. Ibi tó ṣókùnkùn ló ń bá pàdé.

"Ó wà lókè, màámi."

"Mo mọ̀ pé òkè ló wà! Kò lè wà nínú bàtà mi. Apá ibo lókè?"

Gáddjá fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Igi kejì ló ń tì bọ iná.

"Ọmọ yìí, dìde kí o wò ó fún mi. Dókítà ò fún mi ní ọjọ́ púpọ̀."

"Mi ò lè wò ó."

"Kí ló dé?"

"Mi ò lè wò ó, màámi. Ẹ jọ̀ọ́."

"Wá síbí."

Ohùn tí ìyá fi sọ ìyẹn kì í ṣe ohùn oníbàárà mọ́. Gáddjá dìde, ó rìn lọ bá a, ó tẹjú mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ti fi pamọ́ láti aádọ́ta ọdún sì jáde. Ó sọ ti ìborùn, ó sọ bó ṣe yọ́ mú un, ó sọ bí iná ṣe gbọ̀n tó sì sún mọ́ ilẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo pè é. Ó sì wá. Ándaras ló mú." Ẹkún gbà á lẹ́nu.

Lórí adágún, tọkọtaya ń pariwo ayọ̀ lédè wọn.

"Ta ló sọ fún ẹ pé iná yìí ń sọ̀kalẹ̀ wá mú èèyàn?" ni ìyá béèrè.

"Ẹ̀yin ni."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹ lè wọlé wá jẹun!" Ìyá fi ọ̀pá gún yìnyín. "Ẹ kì í gbọ́ ìpè, èwo ni kí n ṣe? A ń bọ̀wọ̀ fún un, òótọ́ ni. A kì í pariwo lábẹ́ rẹ̀ bí àwọn tọ̀hún yẹn. Ṣùgbọ́n èmi náà ti fi ìborùn pè é rí. Ìyá mi nà mí, mo sunkún, a lọ sùn. Kò sẹ́ni tó kú."

"Ṣùgbọ́n Ándaras..."

"Gbọ́ mi." Ìyá wá ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi rí i, ó dì í mú. "Bàbá rẹ ló ní kó gba ẹnu odò. Mo wà nídìí búrẹ́dì tí mo ń pò, mo gbọ́ ọ. Mo mọ̀ pé omi ń sáré lábẹ́ ibẹ̀, etí odò yẹn ni mo dàgbà sí. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n èmi àti bàbá rẹ ti jà lọ́jọ́ tó ṣáájú, mi ò fẹ́ ìjà mìíràn láàárọ̀ yẹn. Ni mo bá dákẹ́. Mo ń po ìyẹ̀fun lọ, ọmọ mi sì jáde."

Gáddjá kò mọ ìgbà tó gbójú sókè wo ojú ìyá rẹ̀. Ojú náà tutù, omi tó ń ṣàn níbẹ̀ ń dì lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Ẹ ò sọ ọ́ rí, màámi."

"Ìwọ náà ò sọ tìẹ. Inú ilé kan náà la jọ ń gbé, a jọ ń jẹun, olúkúlùkù gbé òkú kan náà pọ̀n." Ìyá fi ìbọ̀wọ́ nu imú. "Mo máa ń rí i tí o ń tẹrí ba tí iná bá yọ. Mo rò pé ọlọ́wọ̀ ọmọ ni mo bí. Mo tiẹ̀ ń fi ẹ́ yangàn láàárín ẹgbẹ́ mi!"

Ẹ̀rín já bọ́ lẹ́nu Gáddjá láàárín ẹkún, ó sì yà á lẹ́nu pé ó lè rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé ìbànújẹ́ Ándaras lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ti jókòó tì í láti kékeré, kò rí i níbi tó máa ń wà mọ́.

Inês ké sí wọn lókèèrè. Ó ní kí wọ́n yára, iná ti ń rẹ̀ sílẹ̀. Gáddjá túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá láìrò ó.

"Gáddjá," ni ìyá wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀, "mi ò rí nǹkan kan. Ó ń lọ, mi ò sì rí i."

Gáddjá gbójú sókè.

Iná náà ga, ó gùn láti orí òkè kan dé ìkejì, ó rọra ń gbọ̀n, kò sì bìkítà fún ẹnikẹ́ni. Ó tóbi ju èyí tó rántí lọ. Kò sì ní ojú, kò ní ọwọ́, kò wá ọmọ ẹnì kankan wá. Ó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ tí inú fi bí i fún gbogbo ọdún tó ti fi wo ilẹ̀.

Ó dúró sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá mú bí ẹni fẹ́ wọ fìlà fún ọmọ, ó sì yí orí náà.

"Apá òsì yín, màámi. Ẹ gbé e sókè díẹ̀. Díẹ̀ sí i. Ẹ kọjá orí igi gíga yẹn."

"Òkùnkùn ni."

"Ẹ dúró. Ó kù díẹ̀ kó kàn yín. Ọwọ̀n kan wà níbẹ̀ tó ń sún bọ̀, ó láwọ̀ ewé nísàlẹ̀, ó pọ́n lókè. Ẹ má mira. Ó ń bọ̀. Ó ń bọ̀."

Ó gbọ́ tí èémí ìyá dúró.

"Áà," ni ìyá wí. "Áà, o ṣeun. Mo rí i. Mo rí i o, Gáddjá."

Lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ Gáddjá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá ń gbóná díẹ̀díẹ̀.

"Ó ti kúrò lójú mi," ni ìyá wí. "Ṣé ó ti tán?"

"Kò tíì tán. Ó ń lọ sápá ọ̀tún ni."

"Mú mi tẹ̀ lé e."

Gáddjá rọra yí orí ìyá rẹ̀ sí ọ̀tún, àwọn méjèèjì sì ń bá a lọ.